Ọ̀rọ̀ Ara Táyà Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Kì í ṣe ìṣe wa láti fi ojú ewé yìí bá oníṣòwò kan wí nípa ọjà tí ó ń tà. Oníṣòwò ni àwa náà. Òwò ni ó gbé àwọn bàbá wa dé Sàbọ̀n Gàrí láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní nǹkan bí 1912, òwò náà ni a sì fi ń tọ́ ọmọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé gbogboogbò wa tí ó kọjá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Wọ́n ń jà sí i nínú ọjà, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, àwọn awakọ̀ sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá dákẹ́, àwọn kan yóò sọ pé wọ́n ti fi owó dí i lẹ́nu. Nítorí náà a óò sọ ọ́ bí a ti rí i.

Ẹ kò ní gbàgbé pé ní Iléyá tí ó kọjá, ẹgbẹ́ háyà bọ́ọ̀sì 2 láti kó àwọn ènìyàn wa lọ sílé. Èkíní lọ, ó sì dé láyọ̀. Èkejì, tí ènìyàn 18 wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, kò tíì jìnnà sí Záríà tí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì fi bẹ́. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Awakọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé, kò tẹ bíréèkì lójijì, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí títí ọkọ̀ fi já sínú oko kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ fi apá ṣẹ́, ọmọdé kan sì forí gbá dígí. Ilé ìwòsàn ni ìyá náà ti ṣe Iléyá. Àgbò tí ọmọ rẹ̀ ti rà dè é ní ilé, ẹlòmíràn ni ó bá a pa á.

Àwa akọ̀wé wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí fọkanáísà tú táyà sílẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá ní, “Alàgbà, ẹ wá wo nǹkan.” Ní ìhà tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà wà, wọ́n ti fi fáìlì ha á títí ó fi dán, wọ́n sì ti fi irin gbígbóná tẹ nọ́ńbà mìíràn síbẹ̀. Nọ́ńbà tuntun náà wọ́, kò sì tó àwọn yòókù ní títóbi. Èkejì burú ju èyí lọ. Táyà 3 tí ó kù ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ní 106 lára, èyí tí ó bẹ́ ní 98. Àwa tí a dúró yí i ká ń wo ara wa lójú. Fọkanáísà ni ó sọ fún wa pé táyà ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi sí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ ní èdè ọjà. 106 tí ó wà lára táyà kì í ṣe kílò, àmì ni. Àwọn tí ń ṣe táyà káàkiri ayé ti fohùn ṣọ̀kan pé táyà tí ó bá ní 106 lè ru 950 kílò, èyí tí ó bá sì ní 98 kò gbọdọ̀ ru ju 750 kílò lọ. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 200 kílò. Àpò ìrẹsì oní-50 kílò 4 nìyẹn. Ta ni nínú yín tí yóò rí aláàárù tí ẹrù rẹ̀ ti tó o, tí yóò tún di àpò ìrẹsì 4 lé e lórí, tí yóò sì ní kí ó máa sáré lọ sí Ìlọrin? Táyà tí ẹrù pọ̀ jù fún a máa tẹ̀, a sì máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí po. Títẹ̀ àti nínà yìí ni ó ń mú kí inú rẹ̀ gbóná. Bí inú rẹ̀ bá gbóná jù, ojú táyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára wáyà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí yóò fi bẹ́ lọ́jọ́ kan. Oòrùn òkè Ọya ní oṣù March àti April, tí í máa ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n ooru, wulẹ̀ ń fẹ́ iná náà ni. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà kò bá tún tó, ó di ọ̀ràn.

Ẹni tí ó ta táyà náà fún onímọ́tò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, ẹ sì má ṣe bá wa dárúkọ rẹ̀. Ó wá sí ìpàdé fúnra rẹ̀, kò sá. Ó ní òun kò ha nǹkankan, pé bí òun ti rà á ní Èkó ni òun ti tà á, àti pé òun kì í wo abẹ́ táyà. A gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó da ìpàdé rú kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún ni ó dìde láti gbè é. Bàbá náà ní ọmọ òun tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti ka ìwé ìjọba ibẹ̀ fún òun lórí fóònù: ilé iṣẹ́ táyà ńlá ńlá níbẹ̀ a máa tẹ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sára táyà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ìjọba a sì ní kò sí ewu, kí wọ́n má ṣe dààmú. Ó wá bi wá pé, “Ṣé ẹ̀yin ọmọ Sàbọ̀n Gàrí fẹ́ mọ òfin ju Amẹ́ríkà lọ ni?” Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìwé mẹ́fà ni àwa kà, a kò sì rí ohun kan fi dá bàbá lóhùn lọ́jọ́ náà. A padà sílé pẹ̀lú ìtìjú.

Ṣùgbọ́n a wádìí. Ọmọ olùkọ́ kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa jókòó tì wá fún ìrọ̀lẹ́ 3, ó ń ka òfin Amẹ́ríkà fún wa láti inú fóònù rẹ̀, àwa sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ohun tí a rí ni pé bàbá wa kò purọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ, ìdajì kejì ni ó sì yẹ kí gbogbo wa gbọ́.

Òfin ààbò ọkọ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1966, nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, ìjọba ti sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà lára táyà kí ó tó jáde ní ilé iṣẹ́: bí ó ti tóbi tó, ẹrù tí ó lè rù, afẹ́fẹ́ tí a kò gbọdọ̀ kọjá, iye ìpele okùn tàbí wáyà tí ó wà nínú rẹ̀, àti nọ́ńbà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, tí ó ń sọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Àjọ tí ó ń mójú tó èyí ni wọ́n ń pè ní NHTSA. Nísinsin yìí ni a dé ibi tí bàbá wa dé. Bí ilé iṣẹ́ táyà kan bá rí i pé òun ti tẹ ohun tí kò tọ́ sára táyà, òfin kò ní kí ó dúró de ìgbà tí ẹnìkan yóò mú un. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àjọ náà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, kí ó sọ irú táyà tí ó jẹ́, iye rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti bí àṣìṣe náà ti rí. Bí ó bá dá a lójú pé àṣìṣe náà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ó ní ọjọ́ 30 láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìjọba yóò tẹ ẹ̀bẹ̀ náà jáde ní gbangba, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè kọ ọ́ wá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó dájọ́, wọn yóò sì kọ ìdí ìdájọ́ wọn sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á.

Irú àṣìṣe wo ni wọ́n máa ń foríjì? Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ìpele okùn. Ilé iṣẹ́ yóò kọ pé ìpele 2 ni ó wà ní ìhà táyà, nígbà tí ó jẹ́ 1 ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ gbé mọ́ọ̀dù tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i. Àwọn aláṣẹ yóò béèrè pé: ṣé táyà náà yege nínú gbogbo ìdánwò? Ṣé ẹrù tí a kọ sára rẹ̀ tọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ tí a kọ tọ́? Ṣé ẹni tí ó bá ka àṣìṣe yìí lè tìtorí rẹ̀ di ẹrù jù? Wọ́n tún ń béèrè ohun kan tí ó dùn mọ́ wa nínú gan-an, nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe fọkanáísà: ṣé ẹni tí ń lẹ táyà tàbí tí ń tún ojú rẹ̀ ṣe lè fara pa nítorí pé wọn kò sọ fún un pé wáyà irin wà nínú rẹ̀? Ẹ wo ìjọba tí ó rántí fọkanáísà. Bí gbogbo ìdáhùn bá dára, wọ́n á foríjì í. Bí kò bá dára, ilé iṣẹ́ náà yóò ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ra táyà, yóò sì bá wọn tún ọ̀ràn náà ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí wé táyà tiwa. Àwọn tọ̀hún ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó fi fáìlì ha nọ́ńbà kúrò, tí ó sì tẹ òmíràn sí i, kò ṣe àṣìṣe kankan, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọn tọ̀hún jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n. Tiwa, títí táyà fi bẹ́, kò sí ẹni tí ó yanu. Èyí tí wọ́n foríjì lọ́hùn-ún ni èyí tí kò kan ẹrù. Ẹrù gan-an ni tiwa kàn, nítorí táyà 98 ni ẹnìkan fi ṣe táyà 106. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan tún wà tí bàbá wa kò gbọ́ lórí fóònù. Bí ìjọba Amẹ́ríkà bá ti foríji ilé iṣẹ́ kan, àwọn táyà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ nípa àṣìṣe náà nìkan ni ìdáríjì kàn. Èyí tí ó bá ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀, kò gbọdọ̀ tà á bẹ́ẹ̀. Níbo ni a wá ti rí “kí wọ́n máa tà á lọ”?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn Amẹ́ríkà fi ọgbọ́n orí lásán dé ibẹ̀. Òkú ènìyàn ni ó kọ́ wọn. Ní August 2000, ilé iṣẹ́ Firestone pe táyà tí ó tó mílíọ̀nù 6.5 padà, nítorí pé ojú táyà náà ń ṣí kúrò lórí eré, pàápàá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Ford Explorer, ọkọ̀ a sì dojú dé. Ènìyàn 271 ni wọ́n kà pé ó bá ọ̀ràn náà lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ford sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fún táyà ní afẹ́fẹ́ 26, Firestone ní 30 ni ó yẹ, ọ̀rẹ́ tí ó ti ń bára wọn ṣòwò láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n wá ní kí olúkúlùkù lọ wo nọ́ńbà táyà rẹ̀, bóyá ó wà nínú àwọn tí a pè padà, àwọn ènìyàn rí i pé nọ́ńbà náà sábà máa ń wà ní ìhà inú, kí wọ́n tó kà á wọn ní láti rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ní November 1 ọdún kan náà ni Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní TREAD, lára ohun tí ó sì bí ni pé kí odidi nọ́ńbà wà ní ìhà kan tí ojú lè tètè rí, kí ìhà kejì má sì ṣófo. Abẹ́ ọkọ̀ kan náà ni ẹni tí ó ha táyà tiwa fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sí. Ó mọ̀ pé a kò ní rá wọ ibẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Òfin kò wọ́n wa. Ìwé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi táyà tòkunbọ̀ sínú ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ Nàìjíríà, àfi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ó jẹ́ 11.00 x 20 sókè, tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, ẹ jáde lọ sí ojú títì, ẹ ka iye ibi tí wọ́n to tòkunbọ̀ sí kí ẹ tó dé ìkóríta kejì. Àjọ SON tí ń rí sí bí ọjà ti péye ti mú àwọn tí ó ń ki táyà 3 tàbí 4 bọ inú ara wọn kí àyè lè gbà wọ́n nínú kọ̀nténà. Táyà tí a bá ká bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan lórí omi, wáyà inú rẹ̀ ti tẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dán bí bàtà ọdún. A ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó láti 1988. Àwọn pẹ̀lú SON ti ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà kọjá ọdún 4 láti ìgbà tí a ṣe é. Ta ni ó ń gbọ́? Ní March 6, 2016, mínísítà kékeré fún ọ̀ràn iṣẹ́, James Ocholi, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kú sí ojú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní táyà ọkọ̀ wọn ni ó bẹ́. Ọkọ̀ ìjọba nìyẹn o. Ojú ọ̀nà tí àwa ń gbà lọ sílé ni.

A mọ ohun tí àwọn tí ń ta táyà nínú wa yóò wí. Wọn yóò ní táyà tuntun ti wọ́n ju ẹ̀mí lọ, àti pé ilé iṣẹ́ táyà Michelin tí ó wà ní Port Harcourt àti ti Dunlop tí ó wà ní Ìkẹjà ti pa iṣẹ́ ṣíṣe táyà tì kí 2010 tó dé, tí ó fi jẹ́ pé òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá pẹ̀lú owó dọ́là. Òótọ́ ni. Wọn yóò tún ní àwọn oníbàárà kì í béèrè ọjọ́ orí táyà, iye owó ni wọ́n ń béèrè. Òótọ́ ni èyí náà, ó sì dùn wá láti sọ pé ẹgbẹ́ wa gan-an kò béèrè nígbà tí a ń háyà bọ́ọ̀sì. Owó ọkọ̀ ni a dúnàádúrà lé lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. A yọ owó díẹ̀ kúrò, inú wa dùn, a kò sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo. A jẹ̀bi.

Nítorí náà kí olúkúlùkù kọ́ bí a ti ń ka táyà. Kò le tó ìwé ìkíní. Wá DOT, kí o tẹ̀ lé e lọ títí dé ìparí. Nọ́ńbà 4 tí ó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹ́tàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà 3 péré ni ó wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe táyà náà kí 2000 tó dé, má ṣe gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fi ta ọ́ lọ́rẹ. Bí o kò bá rí i ní ìhà òde, wo ìhà inú. Fi ìka rẹ tọ́ ọ wò: ohun tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dọ́gba, etí rẹ̀ a sì mọ́, ibi tí a bá ha máa ń dán ju àyíká rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wo nọ́ńbà ẹrù tí ó tẹ̀ lé bí táyà ti tóbi tó. Táyà bọ́ọ̀sì máa ń ní nọ́ńbà 2 tí a fi ìlà dá láàárín, bí 106/104: èkíní jẹ́ ti ẹsẹ̀ tí ó dá wà, èkejì jẹ́ ti ẹsẹ̀ tí a so 2 pọ̀ sí ìhà kan. Bí nọ́ńbà ọ̀kan bá kéré sí ti àwọn yòókù, má ṣe wọ ọkọ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ fi “kò sí wàhálà” lé yín wọlé. Ojú ìtẹ̀ tí ó jinlẹ̀ kò sọ pé táyà kò tíì darúgbó. Táyà tí a kò lò rárá náà ń gbó nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ìrẹsì ṣe ń ní kòkòrò nínú àpò tí a kò tú.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí wọ́n sì fi ẹnu kò sí ni èyí. Láti ìsinsin yìí lọ, ẹgbẹ́ kò ní san owó ọkọ̀ kankan, ìbáà ṣe ti Iléyá, ti Kérésìmesì, tàbí ti ìsìnkú, títí akọ̀wé àti fọkanáísà 2 nínú ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi ka nọ́ńbà gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, àti ti ìpààrọ̀, sínú ìwé. Èkejì, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń ta táyà yóò máa kọ nọ́ńbà ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ẹrù sínú rìsíìtì tí ó ń fún oníbàárà. Ẹ̀kẹta ni ó fa àríyànjiyàn jù lọ, a sì ń gbè é lẹ́yìn gbágbáágbá. Oníṣòwò tí ó bá rí i pé táyà tí òun ti tà tàbí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun ní ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ lára, tí ó sì wá sọ fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí, ẹgbẹ́ yóò bá a wá oníbàárà náà rí, yóò sì bá wọn làjà lórí owó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a rí i, tàbí pé ojú ọ̀nà ni ó fi hàn wá, yóò san owó ìtanràn, yóò sì san owó ìtọ́jú ẹni tí ó bá fara pa.

Àwọn kan ní ọjọ́ 5 pọ̀ jù, pé èyí dà bí ẹni ń kẹ́ olè. A kò gbà. Bí a bá ń lu ẹni tí ó jẹ́wọ́ bí a ti ń lu ẹni tí ó fi pamọ́, gbogbo ènìyàn yóò máa fi pamọ́ ni. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ta táyà tí ó bẹ́ kò mọ̀, ó sì wá síwájú ìpàdé; ó ti gbà láti san ìdajì owó ilé ìwòsàn ìyá wa, onímọ́tò yóò sì san ìdajì. A bẹ àwọn tí kò tíì padà kí i láti ìgbà náà pé kí wọ́n kí i.

Ṣùgbọ́n bàbá wa tí ó fi Amẹ́ríkà halẹ̀ mọ́ wa, a bẹ̀ yín, sà, ẹ pe ọmọ yín padà lórí fóònù, kí ó ka ìwé náà dé ìparí fún yín. Bí ohun tí a kọ síhìn-ín bá yàtọ̀ sí ohun tí ó bá kà, ẹ fi tó wa létí, a óò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé yìí kan náà.

Nígbà tí a parí kíkọ èyí, ó wá sí wa lọ́kàn pé a kò tíì wo ọkọ̀ tí àwa fúnra wa fi ń kó ọjà. A mú tọ́ọ̀ṣì, a rá wọ abẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta dára. Ẹ̀kẹrin, tí a rà ní tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé, ní 0914 lára. Láti ìgbà tí a ti rà á, a ti fi kó ẹrù lọ sí Kàdúná àìmọye ìgbà, a tilẹ̀ ti fi gbé ọmọ lọ síbi ìgbéyàwó. A ti tú u sílẹ̀. Orúkọ wa ni ó wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun náà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ka táyà yóò wáyé lẹ́yìn ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, àwọn fọkanáísà wa ni yóò sì ṣe é. Kí àwọn ìyá wa má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, ẹ̀yin ni ẹ ń wọ ọkọ̀ jù. Táyà tí ó bẹ́ náà wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ha lè wá láàárín agogo 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Jímọ̀.